Ohun Tí Kì Í Wọ Páálí Tó Ń Lọ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 2019, mo di páálí kan fún oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Houston. Adìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọṣẹ dúdú mẹ́wàá, àti èlùbọ́ díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n gbé e lọ ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹja àrọ̀ yíyan sí i. Ọbẹ̀ tí mò ń sè níbí kò dùn lẹ́nu mi mọ́." Ta ni yóò gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò kọ̀? Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ọjà Láfẹ́nwá níbí ní Abẹ́òkúta, mo ra ẹja tó gbẹ dáadáa, mo fi nailọ́ọ̀nù mẹ́ta wé e kó má baà mú aṣọ rùn.

Ìwé ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, páálí kò dé. Wọ́n ní ẹja náà kò gbọdọ̀ wọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá gbogbo ẹrù dúró nítorí rẹ̀. Kí aṣọ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti sin ìyá ọkọ rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ìsìnkú yẹn gan-an ló torí ẹ̀ ra adìrẹ fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ohun tó dùn mí ni pé aṣọ kò ní àbùkù kankan, èlùbọ́ kò ní àbùkù, ẹja ló kó bá wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí mo sì ń ka òfin wọn fúnra mi. Mo ní ìwé kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, ibẹ̀ ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Láti inú rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí jáde fún ẹ̀yin tí ẹ ń tajà bíi tèmi, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lókè òkun, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba oníbàárà lórí fóònù. Ohun àkọ́kọ́ tó wà ní ojú ewé kìíní ni pé nínú páálí, ẹrù kan ló ń jẹ́jọ́ fún gbogbo ẹrù. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí páálí. Ẹ tẹ́ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó lè dá nìkan rin ìrìn àjò náà.

Ẹnu ọ̀nà méjì ni ẹrù máa gbà kọjá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í rántí ti àkọ́kọ́, ìyẹn tiwa níbí. Àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà ní àkójọ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde: àgbàdo, igi gẹdú tí a kò tíì fi ṣe nǹkan kan, awọ ẹran tí a kò tíì ṣe, àlòkù irin, oje rọ́bà tí a kò tíì ṣe, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹranko tí ìran rẹ̀ ń parẹ́, àti ọjà tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè. Ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn kà. Ó kan àwa tí a ń ta aṣọ gan-an. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà, ó sì rọ̀ ju ti ọwọ́ wa lọ lówó. Ẹni tó bá rà á, tó dì í, tó kọ "Nàìjíríà" sí i gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ti ṣẹ̀ sí òfin níbí, ó sì tún purọ́ fún àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, nítorí ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí rẹ̀. Èmi kì í fi ránṣẹ́ bó ti wù kó rí. Àwọn ìyá wa ní Kẹ́mta àti ní Ìtòkú fi aró ba èékánná wọn jẹ́ kí orúkọ adìrẹ Ẹ̀gbá tó dé ibi tó dé.

Ní ti òrí, láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó èso rẹ̀ tútù jáde. Èso ni wọ́n fòfin dè, kì í ṣe òrí tí a ti pò tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ yín.

Ó wá kan oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ẹja ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ya ẹja àrọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja yòókù. Láti ọdún 2016, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn wọn tó ń bójú tó ẹran màlúù àti adìẹ ló ń bójú tó àrọ̀ pẹ̀lú, wọn kì í sì í gbà á lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí wọn kò bá tíì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọ̀bọ̀kún náà wà nínú òfin yìí, nítorí ìsọ̀rí ẹja kan náà ni òun àti àrọ̀. Ó gbẹ o, kò gbẹ o, ẹ yan án o, ẹ lọ̀ ọ́ o, èèwọ̀ ni. Pánlá, ṣàwá, ẹpìyà àti edé kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ti àjọ oúnjẹ àti oògùn wọn tí wọ́n ń pè ní FDA ni wọ́n, ìwé oúnjẹ tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n nílò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè ẹja lọ́wọ́ mi pé kó sọ orúkọ ẹja náà. "Ẹja gbígbẹ" kì í ṣe orúkọ.

Ẹran kò ní àríyànjiyàn. Súyà, kílíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran ewúrẹ́ gbígbẹ, adìẹ díndín, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, torí àrùn ẹran ọ̀sìn tí kò sí lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń sá fún. Ẹran ìgbẹ́ tún burú jù: ọ̀yà, ẹtu, ọ̀bọ, akíka. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé 250,000 dọ́là. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó wé ọ̀yà yíyan sínú ìró ìyá rẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ ní Maryland ń ṣe ọjọ́ ìbí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ yẹ ohun tí wọ́n fi ṣe màgí àti nudù wò lára páálí wọn. Bí ẹran tàbí adìẹ bá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹran náà ni wọ́n máa kà á sí. Ọjà tí wọ́n sì kó wọlé láti òkèèrè ni òmíràn nínú wọn.

Ìgbín ńkọ́? Ìgbín ńlá kan láti ilẹ̀ Áfíríkà wọ ìpínlẹ̀ Florida, ó sì ń jẹ irúgbìn wọn ní oríṣiríṣi, ó ń jẹ sìmẹ́ǹtì ara ògiri nítorí ẹfun inú rẹ̀, ó sì ń gbé aràn tó lè wọ ọpọlọ ènìyàn. Wọ́n rí i ní Miami ní ọdún 2011, ọdún 2021 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti pa á run níbẹ̀. Kò pé ọdún kan, wọ́n tún rí i níbòmíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá ti ná irú owó àti ọdún bẹ́ẹ̀ lórí ìgbín kò ní fi ojú rere wo ẹni tó bá fi òmíràn ránṣẹ́ sí i. Ìgbín ààyè jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Èyí tí a ti gbẹ gan-an, èmi kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fadà àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìrẹsì ní Kútọ̀, ẹ má bínú sí mi. Ìrẹsì Ọ̀fadà kò gbọdọ̀ wọ páálí ẹni lásán. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní khapra. Ó máa ń gbé inú ọkà tó ti gbẹ, ó lè sá pamọ́ sínú ihò kékeré láìjẹun fún ìgbà pípẹ́, apá àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sì í tètè ká a bó bá ti wọlé. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ fi ìrẹsì tí kì í ṣe ti òwò ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè tí kòkòrò náà wà, Nàìjíríà sì wà nínú àkójọ náà. Ẹ̀wà sóyà náà kún un. Ẹni tó bá ń ta ìrẹsì gẹ́gẹ́ bí òwò ní ọ̀nà tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ àjọ NAQS ti ìjọba wa. Kílò méjì nínú àpò aṣọ fún àbúrò yín kò ní ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó dun ni, torí kò sí ìrẹsì tó dà bíi rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ayamáṣe.

Ewé tútù, èso tútù àti irúgbìn tí wọ́n fẹ́ gbìn kò rọrùn. Mo ní oníbàárà kan tó fẹ́ gbin ewédú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Atlanta. Mo sọ fún un pé òun gan-an ni kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn wọn lọ́hùn-ún. Ó gbà á. Wọ́n sọ iye hóró tó gbọdọ̀ wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ, kí orúkọ irúgbìn sì wà lára àpò náà. Mo kà á ní hóró kọ̀ọ̀kan, mo fi ìwé àṣẹ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó dé. Ewúro gbígbẹ fún ọbẹ̀ yàtọ̀ sí hóró ewúro fún gbígbìn, kí ẹ sọ ọ́ kedere. Ní ti obì àti orógbó, ẹ la díẹ̀ nínú rẹ̀ wò kí ẹ tó dì í. Gbogbo wa la mọ kòkòrò inú obì. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá rí ọ̀kan ṣoṣo, iná ni wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ sí.

Láfún àti èlùbọ́ kì í ṣe èèwọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù láfún máa ń bà mí. Ẹ rò ó wò: ìyẹ̀fun funfun, nínú nailọ́ọ̀nù tí wọ́n so lẹ́nu, láìsí ohun kankan lára rẹ̀, láti Nàìjíríà. Kí ni ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní pápákọ̀ òfurufú JFK máa kọ́kọ́ rò? Àwa Ẹ̀gbá lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn, òun kò rí i rí. Èyí tó ti wà nínú àpò tí wọ́n tẹ orúkọ sí ni kí ẹ rà, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Kí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára rẹ̀.

Gbogbo oúnjẹ, pàápàá tí ẹ bá ń tà á, ní ìwé kan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí FDA kí ẹrù tó gbéra, láti fi sọ fún wọn pé oúnjẹ báyìí ń bọ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni báyìí, sí ọ̀dọ̀ ẹni báyìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, òfin ọdún 2002 ló sì mú un wá. Bí ó bá jẹ́ òwò gidi, ilé tí wọ́n ti ṣe oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kó sì ní aṣojú kan tó ń gbé Amẹ́ríkà. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé tó sì fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹbí kò nílò ìwé yìí. Ẹ̀bùn ni mo wí o. Ata lílọ̀ tí ẹ gba owó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí tìróò.

Ó máa ń wọ́pọ̀ kí ẹni tó bímọ lọ́hùn-ún ní kí ìyá òun bá òun fi tìróò ránṣẹ́ kí ojú ọmọ lè mọ́ kedere. Tìróò ni ìyá mi lé sí ojú mi, mo sì lé e sí ojú àkọ́bí mi. Àmọ́ ní ọdún 2011, ní ìlú Boston, àwọn dókítà rí ọmọ ìkókó kan tí òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni. Wọ́n wá gbogbo ilé kiri, wọn ò rí ohun tó fà á, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà wò: ó lé ní 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kì í tún padà. FDA dárúkọ tìróò gan-an nínú ìkìlọ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ bí àwa ṣe ń pè é, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu ibodè. Èmi kò lé e mọ́, n kì í tà á, n kì í dì í fún ẹnikẹ́ni. Ìyá kan bínú sí mi ní ṣọ́ọ̀bù lórí rẹ̀, ó ní mo fẹ́ sọ àṣà di oògùn olóró. Mo fi ìjókòó lọ̀ ọ́, mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ Boston yẹn fún un ní Yorùbá. Ó dákẹ́, ó sì mú ìgò tìróò náà padà lọ sílé. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa rántí nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí.

Ọṣẹ dúdú àti òrí máa ń wọlé dáadáa. Ohun tó ń kó wọn sí wàhálà ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sí wọn lára. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ ní Pansẹ̀kẹ tẹ bébà rírẹwà kan: "Ó ń wo làpálàpá, èkúrú àti èéyi." Lójú òfin Amẹ́ríkà, bí ọṣẹ bá ti sọ pé òun ń wo àrùn, ó ti kúrò ní ọṣẹ, ó ti di oògùn, oògùn sì gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò tirẹ̀. Mo ní kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó kọ "ọṣẹ ìwẹ̀", ó kọ ohun tí ó fi ṣe é ní ẹsẹẹsẹ, eérú èèpo kòkó, àdín àti òrí, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀, ó kọ Abẹ́òkúta. Ọṣẹ kan náà ni, kò yí ohun kankan padà nínú rẹ̀. Ìpara tó ń bó ara ni kí ẹ má dán wò. Hydroquinone kò ṣeé tà níbẹ̀ mọ́ láìsí ìwé dókítà láti ọdún 2020, èyí tó bá sì ní mẹ́kúrì nínú, májèlé ni fún ẹni tó ń lò ó àti fún ọmọ tó ń gbé mọ́ra.

Àwọn tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ aró ti pọ̀ lọ́hùn-ún báyìí. Wọ́n máa ń kọ̀wé sí mi pé kí n fi gbogbo ohun èlò ránṣẹ́ pọ̀: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ tí a fi ń kọ ẹ̀kọ, àwọ̀ aró, àti kẹ́míkà méjì tí a ń pò mọ́ aró, kọ́sítíìkì àti haidírọ́ósì. Aṣọ àti àwọ̀ aró ni mo máa ń fi ránṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo sì ń fi rọ́pò ìyẹ́ adìẹ. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ irin àti awọ ènìyàn. Haidírọ́ósì burú jù ú lọ nínú ọkọ̀ òfurufú, nítorí bí omi tàbí ọ̀rinrin bá kàn án, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Àwa tí a ń lò ó ní ẹ̀yìnkùlé mọ òórùn èéfín rẹ̀, ẹ fojú inú wo èéfín yẹn nínú ọkọ̀ tó wà lójú òfurufú. Mo máa ń kọ fún wọn pé wọ́n ń ta méjèèjì nílùú wọn, mo sì máa ń sọ ìwọ̀n tí wọn máa lò.

Nínú ẹ̀ka yìí náà ni lọ́fíńdà, ọ̀dà èékánná, ìfọ́nrun inú agolo, páwà báńkì, ìṣáná àti fúláítà wà. Ògógóró, ẹmu inú ìgò àti aásà kì í gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Àgbo kò ṣeé fi ránṣẹ́, kí ẹ sì má gba oògùn kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti bá a dì, ìbáà jẹ́ ti orí fífọ́, nítorí pé ẹ̀yin ni orúkọ yín wà lára páálí. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ya àwòrán Mickey Mouse tàbí àmì ilé iṣẹ́ bàtà ńlá sórí adìrẹ. Wọ́n máa kà á sí ayédèrú, wọ́n máa gbà á.

Ère àti ìlù gba ìwé. Àwọn agbẹ́gilére Ìtòkò ṣì ń gbẹ́ ère tó wuyì, àwọn àlejò tó bá wá gun Olúmọ sì máa ń fẹ́ rà á. Ère tuntun ṣeé fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní NCMM, pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2022, Amẹ́ríkà ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kìíní ọdún náà. Ohun tí wọ́n wú nílẹ̀, láti ìgbà láéláé títí dé nǹkan bí ọdún 1770, wà nínú rẹ̀, àwọn ohun ìbílẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ère ìbejì tó ti dúdú nítorí osùn àti ọdún pípẹ́, tí ẹnì kan gbé wá pé òun rí i nínú àjà bàbá òun, ẹ má rà á, ẹ má dì í. Ti ìdílé wa ni, kò yẹ kó kúrò nílé.

Gángan àti bàtá ní awọ ewúrẹ́. Ní ọdún 2006, ọkùnrin onílù kan ní New York kó àrùn anthrax láti ara awọ ẹran tí wọ́n mú wá láti Côte d'Ivoire. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti ń bi onílù mi pé báwo ni ó ṣe ṣe awọ yìí. Awọ tó ṣì ní irun lára tàbí tí wọ́n kàn sá sóòrùn lásán kò gbọdọ̀ kọjá, awọ tí wọ́n ti fi oògùn ṣe dáadáa ni mo máa ń gbà, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Ìrùkẹ̀rẹ̀ bákan náà. Eyín erin, ìkóódẹ àti ìyẹ́ odídẹrẹ́ mìíràn, awọ erè, awọ ọ̀nì, ìpẹ́ akíka, mo kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Odídẹrẹ́ àti akíka ti wà lára àwọn ẹ̀dá tí òwò wọn láàrin orílẹ̀-èdè jẹ́ èèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Bí ọba tàbí ìjòyè kan bá nílò ìkóódẹ lókè òkun, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìjọba méjèèjì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ páálí.

Bí ohun tó kù lórí ẹní bá ti mọ́, ẹ wá kọ fọ́ọ̀mù. Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù nìyí. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu káńtà sọ fún mi nígbà kan pé, "Màmá, ẹ kàn kọ 'gift', kí ẹ kọ dọ́là mẹ́wàá, wọn ò ní yọ yín lẹ́nu." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ òtítọ́. Ìdí ni pé ohun tí ẹ kọ ń ṣáájú páálí yín dé ọ̀hún lórí kọ̀ǹpútà. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 ló sọ ọ́ di dandan, kí ẹrù inú ìfìwéránṣẹ́ náà má baà jẹ́ ọ̀nà tí oògùn olóró ń gbà wọlé. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ máa fi àwòrán tó rí wé ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ "aṣọ", tí òun rí ìgò, ó máa tú u. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe kedere: aṣọ òwú 100 nínú 100, tí wọ́n fi ọwọ́ pa láró, ọ̀pá 5, méjì, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, Nàìjíríà. Ọṣẹ, irú èyí, iye èyí, ìwọ̀n èyí. Iye tí oníbàárà san gan-an ni kí ẹ kọ, kí rìsíìtì sì wà nínú páálí. Aṣọ tí wọ́n ti rán gbọ́dọ̀ ní bébà kékeré lára tó sọ irú òwú tí wọ́n fi hun ún àti orílẹ̀-èdè tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ owó orí ti yí padà pátápátá. Tẹ́lẹ̀, láti ọdún 2016, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó orí, inú ààlà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tajà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n mú àǹfààní náà kúrò fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó le débi pé ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá ẹrù Amẹ́ríkà dúró ná kí wọ́n lè mọ bí wọn ṣe máa gba owó náà. Iye tí wọ́n ń gbà ń yí padà. Mo máa ń pe ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ dá oníbàárà lóhùn, mo fi kún iye aṣọ, mo sì sọ ọ́ fún un ní kedere kó tó san kọ́bọ̀: "Iye aṣọ nìyí, iye ọkọ̀ nìyí, iye owó orí nìyí, èmi ni mo máa san án níbí." Àwọn tó bá kàn fi sílẹ̀ kí oníbàárà bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ẹrù wọn máa ń padà wá, torí pé inú oníbàárà kò dùn, ó sì kọ̀ láti gbà á.

Nígbà tí ẹ bá ń dì í, ẹ ya oúnjẹ sí páálí tirẹ̀, ẹ ya ọṣẹ àti òrí sí tirẹ̀, ẹ ya aṣọ sí tirẹ̀. Ó gba owó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ dá ẹ̀gúsí dúró, aṣọ ìsìnkú á dé. Ẹ fi òrí sínú ike tó ní ìdérí tó fún, kí ẹ tún fi nailọ́ọ̀nù wé e, torí òrí máa ń yọ́ nínú oòrùn pápá ọkọ̀ ní Ìkejà. Ẹ má lo páálí ọtí tàbí páálí oògùn tí ẹ rà ní ọjà, torí ohun tó wà lára páálí ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́, ẹ ya fọ́tò fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp pẹ̀lú nọ́ńbà tó máa fi tọpa rẹ̀.

Bí ìwé ìdádúró bá dé, oníbàárà yín ló máa gbà á, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí páálí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbà á. Ẹ ní kó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n fún un láti fèsì wà lára rẹ̀, wọ́n sì máa sọ bóyá wọ́n fẹ́ ìwé kan sí i tàbí kí ó jọ̀wọ́ ọjà náà. Bí ó bá jẹ́ ohun tó jẹ́ èèwọ̀, kó jọ̀wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè tú èyí tó kù sílẹ̀. Oníbàárà mi ní Houston kò mọ èyí ní 2019, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó tọ́jú ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, ó ń dúró dè mí, èmi náà ń dúró dè é níbí, aṣọ sì wà níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.